Bàbá Sàlá: Aláwàdà Tó Sọ Ìmúra Òdì Di Iṣẹ́

Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí tèwe-tàgbà mọ̀ sí Bàbá Sàlá, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn aláwàdà tí ilẹ̀ Yorùbá tíì bí. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Wọ́n bí i ní ọdún 1936, ó sì dágbére fáyé ní Iléṣà ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá, ọdún 2018. Ó ṣe olórin, ó ṣe òṣèré orí ìtàgé àti ti tẹlifíṣọ̀n, ó sì gbé fíìmù jáde. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi oyè MON dá a lọ́lá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pè é ní baba àwàdà òde òní ní Nàìjíríà.

Ẹni tó bá rí Bàbá Sàlá lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé rẹ̀. Táì onílabalábá tó wọ̀ sọ́rùn tóbi rẹpẹtẹ. Awò ojú rẹ̀ kò ní dígí. Aago tó yẹ kó wà lórí tábìlì ni ó so mọ́ ọwọ́. Kó tó la ẹnu sọ̀rọ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín yìí náà ni àwọn olè jà lólè, tí gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìtàn méjèèjì ni a fẹ́ sọ níhìn-ín, nítorí pé a kò lè mọ iyì ẹ̀rín tó fún wa bí a kò bá mọ ohun tó ná an.

Àwàdà láàrin àwọn Yorùbá

Àwàdà kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ní Kétu àti àwọn ìlú tó yí i ká, ní òru tó ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Ẹ̀fẹ̀ a máa jáde, a sì máa fi orin bá àwọn oníwà burúkú wí. Bí orin náà ṣe wù kó dun ènìyàn tó, kò gbọdọ̀ bínú. Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ogún ńlá tó jẹ́ ti gbogbo ayé.

Àwọn eégún aláré náà wà, àwọn tí a tún ń pè ní Alárìnjó. Wọ́n a máa lọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n a sì máa fi ìbòjú ṣe àfarawé ọ̀mùtí, Tápà, ẹranko àti àlejò. Ní ọdún 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Scotland, dé Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n sì ṣeré níwájú rẹ̀. Nínú eré náà, ẹnìkan jáde bí Òyìnbó. Ara rẹ̀ funfun báláú, òtútù ń mú un, ó ń fín aáṣáà, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Ara wọn yá gágá. Clapperton fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ tó yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí a ya àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ́tọ̀:

Àwàdà: ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe tí a fi ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, tí kò ní ìkà nínú.
Ẹ̀fẹ̀: ọ̀rọ̀ ẹ̀rín tó ní ẹ̀gún díẹ̀ nínú, tí a lè fi bá ìwà wí.
Yẹ̀yẹ́: kí a fi ẹnìkan ṣe ẹlẹ́yà.
Ẹ̀sín: ìtìjú tó ń bá ẹni tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Aláwàdà tó mọṣẹ́ ni ẹni tó lè ṣe ẹ̀fẹ̀ láìfi ẹ̀sín kan ẹlòmíràn. Bàbá Sàlá gba ọ̀nà kan tó rọrùn láti ṣe èyí: ara rẹ̀ ni ó fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Láti orí orin dé orí ìtàgé

Orin ni Moses Ọláìyá fi bẹ̀rẹ̀. Òun ni olórí ẹgbẹ́ háíláìfù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Federal Rhythm Dandies. Inú ẹgbẹ́ yìí ni King Sunny Adé ti ta gìtá nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, kó tó lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń ka àwọn tí Bàbá Sàlá tọ́ sọ́nà, a kò gbọdọ̀ ka òṣèré nìkan.

Ní àwọn ọdún 1960, ó kọjú sí eré ìtàgé. Àwọn àgbà òṣèré ti wà nílẹ̀ nígbà náà. Hubert Ògúndé (1916–1990) ti ń gbé eré kiri láti àwọn ọdún 1940. Dúró Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So jáde ní ọdún 1963. Kọ́lá Ògúnmọ́lá náà ti lókìkí. Ìtàn ọba, ìtàn òrìṣà, ẹ̀kọ́ ìwà àti ọ̀rọ̀ ìṣèlú ló pọ̀ jù nínú eré wọn. Àwàdà wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀ ni. Ohun tí Moses Ọláìyá ṣe tó yàtọ̀ ni pé ó sọ àwàdà di oúnjẹ gan-an. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Aláwàdà, orúkọ náà sì sọ gbogbo ohun tí wọ́n ń tà.

Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, wà lára ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ọkọ̀ eré rẹ̀ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Kì í ṣe gbogbo ilé ló ní tẹlifíṣọ̀n nígbà náà. Bí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ilé ẹni tó bá ní i ni gbogbo àdúgbò ń rọ́ lọ. Àwọn ọmọdé tí kò ráyè wọlé a máa yọjú lójú fèrèsé.

Síbẹ̀, orí ìrìn-àjò ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà wà. Ọkọ̀ ẹgbẹ́ a wọ ìlú, wọn a fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde, nígbà tó bá sì di alẹ́, eré á bẹ̀rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú tàbí ti ilé-ìwé. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, àwọn òṣèré kì í há ọ̀rọ̀ sórí láti inú ìwé lẹ́yọ-lẹ́yọ. Wọ́n mọ bí ìtàn ṣe lọ, ẹnu wọn ló ń wá ọ̀rọ̀. Bí àwọn òǹwòran bá rẹ́rìn-ín sí ohun kan, òṣèré á dúró síbẹ̀, á fi kún un. Bí wọn kò bá rẹ́rìn-ín, á tètè kọjá. Ọ̀nà yìí ni aláwàdà fi ń mọ ohun tó dùn mọ́ ènìyàn.

Orúkọ rẹ̀ àti ìmúra rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọdé kì í pe àgbà lórúkọ. Orúkọ ọmọ ni a fi ń pe bàbá àti ìyá: Bàbá Kúnlé, Ìyá Bọ́lá. Bàbá Sàlá túmọ̀ sí bàbá tó bí Sàlá. Orúkọ ọ̀wọ̀ ni. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lásán yóò máa retí àgbàlagbà tó ń rìn jẹ́jẹ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo. Ìgbà tí Bàbá náà bá wá yọ ni ẹ̀rín ń bú jáde, nítorí pé ohun gbogbo tí àgbà kì í ṣe ni ó ń ṣe. Ahun ni. Ó fẹ́ràn oúnjẹ. Ojú rẹ̀ kì í kúrò lára owó àti obìnrin. Ó gbọ́n àrékérekè, ṣùgbọ́n àrékérekè náà a máa padà sí i lórí.

Yorùbá ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bàbá Sàlá ni àgbà tó wà lọ́jà, tó jẹ́ pé orí tirẹ̀ gan-an ló wọ́. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọdé fi fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ jẹ ẹgba nílé ni àgbàlagbà kan ń ṣe níwájú wọn, tí ìyà sì ń jẹ ẹ́ fún un.

Ìmúra rẹ̀ náà ní ìtumọ̀:

Awò ojú. Nígbà náà, ẹni tó bá lo awò ni wọ́n ń rò pé ó kàwé. Ti Bàbá Sàlá kò ní dígí, ìka lè gba inú rẹ̀ kọjá sí ojú. Ó ní àmì ìwé, kò ní ìwé.

Aago. Aago ọwọ́ jẹ́ àmì òṣìṣẹ́ ìjọba tí kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Bàbá Sàlá rò pé bí aago bá ṣe tóbi tó ni ọ̀làjú ẹni ṣe pọ̀ tó.

Táì. Táì jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ jọ Òyìnbó. Tirẹ̀ tóbi débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ẹ rántí eré tí wọ́n ṣe fún Clapperton ní ọdún 1826. Ní ọjọ́ náà, Òyìnbó ni àwọn Alárìnjó ń sín jẹ. Ní ayé Bàbá Sàlá, àwa tí a fẹ́ di Òyìnbó ni ó ń sín jẹ. Iṣẹ́ kan náà ni. Ìmúra ló yí padà.

Àwọn fíìmù rẹ̀

Àjàní Ògún, tí Ọlá Balógun darí ní ọdún 1976, ni ó ṣí ọ̀nà fún fíìmù lédè Yorùbá. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn òṣèré ìtàgé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ wọn lọ sínú fíìmù. Bàbá Sàlá náà kò gbẹ́yìn:

Ọ̀run Mooru (1982), tí Ọlá Balógun darí.
Ààrẹ Àgbáyé (1983).
Mo Ṣebọ́látán, ní àárín àwọn ọdún 1980, tí Adé Afọláyan (Adé Love) darí.
Ní àwọn ọdún 1990: Agba Man, Return Match àti Àna Gómìnà.

Ọ̀run Mooru àti àdánù tó tẹ̀lé e

Ìtàn inú Ọ̀run Mooru lọ báyìí. Lámídì, tí Bàbá Sàlá ṣe, ń wá ọ̀nà àtilà. Oníjìbìtì kan tó pe ara rẹ̀ ní oníṣègùn bá a, ó ní òun lè fi owó kún àgbá fún un. Lámídì gbà á gbọ́, gbogbo ohun tó ní sì wọgbó. Nígbà tí ayé sú u, ó kó sínú odò. Ó dé ọ̀dọ̀ Ikú, ṣùgbọ́n Ikú ní àkókò rẹ̀ kò tíì tó. Wọ́n fún un ní ẹyin méjì kó mú padà sí ayé. Ó fọ́ ọ̀kan, ó di olówó, ó sì se àsè ńlá. Ẹyin kejì ló tún kó o sí wàhálà. Ní ìgbẹ̀yìn, ó jí, ó rí i pé àlá ni gbogbo rẹ̀: wọ́n ti yọ òun nínú omi.

Àkọlé náà gan-an jẹ́ àwàdà. Ẹni tí ayé bá ni lára a máa rò pé ọ̀run tutù. Bàbá Sàlá ní rárá o, ọ̀run náà mooru. Ẹ̀kọ́ pàtàkì ni èyí fún ọmọ tí ìṣòro bá bá: kí ó má sá fún ayé, kí ó wá ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni kì í ṣe àwàdà. Ṣíṣe fíìmù nígbà náà ń gba owó púpọ̀. Bàbá Sàlá yá owó ní báńkì láti ṣe Ọ̀run Mooru. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń rí owó padà ni pé kí olówó fíìmù gbé e láti ìlú dé ìlú, kí ó háyà gbọ̀ngàn, kí ó sì gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Àkókò yìí gan-an ni ẹ̀rọ fídíò ń wọ ilé àwọn ènìyàn. Ẹ̀dà fíìmù náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn olè, wọ́n dà á sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń tà á. Àwọn ènìyàn ń wo Bàbá Sàlá nílé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, owó kò sì dé ọwọ́ Bàbá Sàlá. Gbèsè báńkì wà nílẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ lè fi ìṣirò kékeré yìí ṣàlàyé fún àwọn ọmọ. Ká ní fíìmù kan gba ₦1,000, tí tíkẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ ₦1. Ó di dandan kí ènìyàn 1,000 sanwó kí olówó rẹ̀ tó gba owó rẹ̀ padà, kó tó wá jèrè kọ́bọ̀ kan. Bí 700 nínú wọn bá ti wo kásẹ́ẹ̀tì olè, ₦300 ni yóò wọlé. ₦700 yòókù ti di gbèsè. Olè kò wọ ilé rẹ̀, kò já ilẹ̀kùn, síbẹ̀ ó ti jí ₦700.

Ẹni tó ṣe Lámídì, tí oníjìbìtì gba ohun ìní rẹ̀ nínú fíìmù, ni àwọn oníjìbìtì tún wá gba ohun ìní rẹ̀ lójú ayé. Fíìmù rẹ̀ mìíràn ń jẹ́ Mo Ṣebọ́látán, ìyẹn ni pé, mo ṣe bí ọlá ti tán. Ẹni tó bá mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí yóò mọ̀ pé àkọlé náà wúwo ju ti àwàdà lásán lọ. Ohun tó yẹ kí a yìn ín fún ni pé kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó tún ṣe fíìmù, ó tún ṣe fídíò, ó tún gbé táì rẹ̀ kọ́ ọrùn.

Kí ni òfin sọ?

Nàìjíríà ti ní òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lórí iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ láti ọdún 1970, ṣùgbọ́n òfin náà kò lágbára tó. Ọdún 1988 ni wọ́n ṣe òfin mìíràn tó le jù ú lọ, lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ti dá àjọ tó ń rí sí i sílẹ̀. Òfin náà pẹ́ kó tó dé fún Ọ̀run Mooru. Òfin tuntun tó rọ́pò rẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023, èyí tó mẹ́nu kan iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó. Lóde òní, a kò nílò ẹ̀rọ fídíò méjì mọ́. Fóònù kan ti tó láti fi odindi fíìmù ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé ẹni tó ń pín fíìmù tí kò rà ń ṣe ohun tí àwọn oníkásẹ́ẹ̀tì ṣe sí Bàbá Sàlá.

Àwọn òwe tó bá ìtàn yìí mu

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ọ̀nà kan kò bá gba ẹni, ọ̀nà mìíràn wà. Moses Ọláìyá gba ti orin, ó gba ti ìtàgé, ó gba ti fíìmù.

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bí wọ́n bá ṣe rí wa ni wọ́n ṣe ń bu iyì fún wa. Bàbá Sàlá yí òwe yìí po. Ó múra bí ẹni tí kò gbọ́n, ó sì fi gba iyì.

Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Táì tó tóbi jù lọ kò sọ ẹni tó wọ̀ ọ́ di ọ̀mọ̀wé. Òwe yìí ni ìmúra Bàbá Sàlá ń pa láìla ẹnu.

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Bí olè bá ń jalè lójoojúmọ́, ọwọ́ yóò bà á lọ́jọ́ kan. Nínú ọ̀rọ̀ Ọ̀run Mooru, ọjọ́ olóhun pẹ́ jù. Ọwọ́ gbogbo wa ló kù sí láti mú un yá.

Ọ̀ràn tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ìṣòro mìíràn wà tí ẹkún kò lè tán. Kì í ṣe pé kò dun ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ni agbára tó kù fún un. Bí ẹnìkan bá bi yín pé kí ni ìgbésí ayé Bàbá Sàlá jọ, ẹ pa òwe yìí fún un.

Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀

Ọ̀pọ̀ aláwàdà ló rìn lójú ọ̀nà tí ó là. Babátúndé Omídínà, Bàbá Sùwé (1958–2021), fi atíkè àti lẹ̀ẹ́dì kun ojú, ó sì fi ìmúra tó yàtọ̀ pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Gbénga Adébóyè (1959–2003) mú àwàdà wọ orí rédíò àti inú kásẹ́ẹ̀tì, níbi tí òun nìkan ti ń sọ ohùn oríṣiríṣi ènìyàn. Emmanuel Adéjùmọ̀, ọmọ Bàbá Sàlá tí wọ́n ń pè ní Boisala, di òṣèré. Láti ọdún 1995, nígbà tí Nite of a Thousand Laughs bẹ̀rẹ̀, àwàdà adádúró, níbi tí ẹnìkan ti ń dúró pẹ̀lú gbohùngbohùn níwájú èrò, ti di iṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jẹun. Nígbà tí Bàbá Sàlá bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sọ fún òbí rẹ̀ pé àwàdà ni òun fẹ́ fi ṣe iṣẹ́, wọn á rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Ìbéèrè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́

1. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin àwàdà àti yẹ̀yẹ́? Fi àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan hàn láti inú kíláàsì rẹ.
2. Dárúkọ ohun mẹ́ta nínú ìmúra Bàbá Sàlá, kí o sì sọ ìtumọ̀ wọn.
3. Kí nìdí tí a fi ń fi orúkọ ọmọ pe àgbà ní ilẹ̀ Yorùbá?
4. Ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ fi odindi fíìmù tuntun kan ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù. Kí ni wàá sọ fún un?
5. Lo òwe "Ọ̀ràn tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín" nínú ìtàn kúkúrú kan.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí yín àgbà bóyá wọ́n rántí Bàbá Sàlá. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó dáhùn, ẹ ti rí ìdáhùn yín.